Láti Stirling dé Ballindalloch: ọ̀sẹ̀ kan láàárín ògidì màlúù Angus

Ọjọ́ Àìkú, Stirling

Nígbà tí a wọ ọjà akọ màlúù Stirling ní Scotland, wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbẹ irun akọ màlúù kan lọ́wọ́. Wọ́n ti fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ látorí dé pátákò, ọmọbìnrin kan sì ń fi ìyarun ya irun ìtan rẹ̀ sókè kó lè kún dáadáa. Ẹran náà dúdú bíi kóró iṣin. Kò ní ìwo, kò ní iké, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, àyà rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé eléyìí á tó tọ́ọ̀nù kan báyìí?" Àbúrò mi ló béèrè. Òun ló wa ọkọ̀ gbé mi wá láti Aberdeen, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ epo. Mo ní akọ Angus, ìran màlúù ẹlẹ́ran ti Scotland tí wọ́n tún ń pè ní Aberdeen Angus, máa ń sún mọ́ bẹ́ẹ̀ tó bá dàgbà tán, àmọ́ àwọn tí wọ́n kó wá síbí kò tíì ju ọmọ ọdún kan ààbọ̀ sí méjì lọ.

Oṣù Kejì àti Oṣù Kẹwàá ni wọ́n máa ń ta akọ Angus ní Stirling. Perth ni ọjà náà wà tẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó gbé e wá síbí ní 2009. Ìfihàn ni tòní, títà di ọ̀la. Wọ́n ń fà wọ́n wọ inú agbo ìdíje lọ́kọ̀ọ̀kan, adájọ́ ń yí wọn ká. Ó kọ́kọ́ dúró lẹ́yìn ẹran wo bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn àti ìbàdí rẹ̀ láti mọ bí ọ̀rá ṣe bo egungun tó. Mo bi bàbá àgbà kan tó di okùn akọ tirẹ̀ mú pé kí ló máa ń wò ṣáájú. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ni. Akọ tí ẹsẹ̀ ń dùn kò lè gun abo, ìyókù ẹwà rẹ̀ á sì di ti alápatà."

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹwà ló gbé mi wá. Mo ní agbo Muturu kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn: màlúù kúkúrú, aláìníké, tí àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kì í tètè pa. Ìran yìí ti wà ní ilẹ̀ igbó wa tipẹ́ kí àwọn Bunaji, màlúù funfun oníké ti àwọn Fúlàní, tó kún ibẹ̀. Ní báyìí, tí akọ Bunaji kan bá ti fo ọgbà wọlé, ọmọ tó máa bí á ga, á ní iké díẹ̀, àwọn ará ọjà á sì yìn ín. Bí wọ́n ṣe ń yìn ín ni ìran ń parẹ́. N kò ní ìwé kankan tí mo lè ṣí láti fi sọ pé ọmọ ta nìyí. Àwọn ará ibí ti ń kọ tiwọn sílẹ̀ láti ohun tó ju àádọ́jọ ọdún lọ sẹ́yìn. Ìyẹn ni mo wá wò.

Ọjọ́ Ajé, Stirling

Òwúrọ̀ ni wọ́n pín ìwé ọjà fún wa. Abala kan ni fún akọ kọ̀ọ̀kan: orúkọ oko tó ti wá, orúkọ tirẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí etí rẹ̀, ọjọ́ ìbí, baba, ìyá, àwọn bàbá àgbà àti ìyá àgbà ní ìhà méjèèjì. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìlà àwọn iye kan wà tí wọ́n fi ń díwọ̀n ohun tí ọmọ rẹ̀ máa jogún: ìwúwo lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ìwúwo ní ọgọ́rùn-ún méjì ọjọ́, ní irinwó, ní ẹgbẹ̀ta, bí ìbí ṣe máa rọrùn sí, wàrà tí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin máa ní, ìwọ̀n iṣan ẹ̀yìn. Kì í ṣe akọ yìí nìkan ni wọ́n gbé ka òṣùwọ̀n kí iye wọ̀nyí tó jáde. Ti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, ti àwọn ọmọ baba rẹ̀ ní oko mìíràn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó pọ̀ ṣírò.

Àwọn tó ń rà jókòó yí agbo ká, ìwé ọjà lórí eékún, ọ̀pọ̀ wọn ti fi bírò fa ìlà sábẹ́ àwọn iye kan. Nígbà tí ẹran bá wọlé, ojú wọn á lọ sára rẹ̀, á padà sínú ìwé, á tún lọ sára rẹ̀. Ẹni tó ń pe gbàǹjo ń sáré sọ̀rọ̀ débi pé àbúrò mi gan-an, tó ti pẹ́ nílùú yìí, ní òun ò gbọ́ ju iye owó lọ. Gíní ni wọ́n fi ń pè é títí di òní, ìyẹn pọ́n-ùn kan àti pẹ́ńsì márùn-ún.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ra akọ màlúù mọ̀. Ní Oṣù Kejì 1963, ní ọjà Perth, akọ kan tí ń jẹ́ Lindertis Evulse wọ agbo. Ẹnu yà gbogbo ènìyàn. Ará Amẹ́ríkà kan rà á ní 60,000 gíní, owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì san rí lórí akọ màlúù nígbà náà. Wọ́n gbé e kọjá òkun tán, wọ́n rí i pé akúra ni. Kò lè fún abo lóyún.

Ẹjọ́ náà kò pin síbẹ̀. Láwọn ọdún 1950, àwọn oníṣòwò láti Amẹ́ríkà àti Ajẹntínà ló ń dá owó lé Angus ní Perth, ẹran kúkúrú, tó ki, tó sún mọ́lẹ̀ ni wọ́n sì ń béèrè. Àwọn ọlọ́sìn ibí ń bí ohun tí olówó fẹ́. Ọdún ń gorí ọdún, ẹran ń kúrú sí i, ẹ̀bùn ìdíje sì ń lọ sọ́dọ̀ èyí tó kúrú jù. Ìgbà tó fi máa di 1961, tí wọ́n jẹ́ kí màlúù ńlá tí ń jẹ́ Charolais wọlé láti ilẹ̀ Faransé, tí Simmental àti Limousin tẹ̀ lé e, àwọn alápatà Bìrìtìkó ti ń wá ẹran ńlá tó ní iṣan púpọ̀, wọn ò sì rí i lára Angus mọ́. Ìran tó jẹ́ olórí wá di ẹni ẹ̀yìn ní ilé ara rẹ̀. Nígbà tó yá, Kánádà ni wọ́n ti lọ kó akọ gíga padà wá tún un ṣe, ìyẹn àwọn ọmọ ọmọ ẹran tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ láti ibí lákọ̀ọ́kọ́. Ìwọ̀nba tí kò ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tó padà wá yẹn ti kéré débi pé wọ́n kà wọ́n mọ́ ìran tí ó yẹ kí a ṣọ́ kó má baà kú tán.

Mo sọ fún àbúrò mi pé ẹ̀rù Bunaji kọ́ ló ń bà mí jù lẹ́yìn ohun tí mo gbọ́ lónìí. Ẹ̀rù ẹ̀bùn ló ń bà mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Keillor

A gba Perth kọjá sí Coupar Angus, a sì yà sí ọ̀nà Newtyle. Àfonífojì Strathmore tẹ́jú, ilẹ̀ rẹ̀ pupa díẹ̀, òkè Sidlaw wà lápá kan, àwọn òkè Grampian tí yìnyín bò wà lápá kejì. Oko ni Keillor, oko lásán. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ á kọjá láìwẹ̀yìn.

Ní 1808, Hugh Watson gba oko yìí. Bàbá rẹ̀ fún un ní abo mẹ́fà tó dára jù tó sì dúdú jù nínú agbo tirẹ̀, àti akọ kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, Watson lọ sí ọjà Trinity ní Brechin, ó ra abo mẹ́wàá tí kò tíì bí àti akọ mìíràn sí i. Màlúù àdúgbò yìí kò ní àwọ̀ kan lákòókò náà. Dúdú wà, pupa wà, aláwọ̀ púpọ̀ wà, èyí tó funfun lẹ́yìn wà. Àwọn kan níwo, àwọn kan kò ní. Watson pinnu pé dúdú aláìníwo lòun fẹ́, kò sì yẹsẹ̀ lórí rẹ̀ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Àìníwo rọrùn láti mú dúró, torí pé bí akọ aláìníwo tó jẹ́ ògidì bá gun abo oníwo, ọmọ kì í níwo. Dúdú náà máa ń borí pupa. Ìran tó bá fẹ́ kí ayé tètè dá ọmọ òun mọ̀ lójú, kò sí ààmì tó dára tó méjèèjì yìí.

Ẹran méjì ni orúkọ wọn kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn ọlọ́sìn. Old Jock, tí wọ́n bí ní 1842, òun ni wọ́n fún ní nọ́ńbà kìn-ín-ní láàárín àwọn akọ nígbà tí ìwé ìran, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ baba àti ìyá ẹran kọ̀ọ̀kan sí, jáde. Ìkejì ni Old Granny. Wọ́n bí i ní 1824, àrá ló sì pa á ní 1859, lẹ́ni ọdún márùndínlógójì. Ọmọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ní ó bí. Èyí tó pọ̀ jù lára Angus tó wà láyé lónìí ló lè tọ ìran rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì.

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ Old Granny láti àárọ̀. Ta ló lè fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn abo ọmọ ọdún méjì kó mọ̀ pé yóò ṣì máa bímọ lẹ́yìn ogún ọdún? Nínú agbo mi, abo arúgbó tó ń bí lọ́dọọdún láìṣàìsàn, òun gan-an ni ènìyàn máa ń kọ́kọ́ tà nígbà tí owó ilé-ìwé bá dé, torí pé ó ti rù, kò sì dùn ún wò. Èmi náà mọ irú abo bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ọmọ rẹ̀ ló yẹ kí a fi dá agbo.

Ọjọ́rú, Brechin

Yìnyín dí ọ̀nà. A kò kúrò nílé ìtura.

Mo fi ọjọ́ náà kọ ohun tí mo mọ̀ nípa ìwé ìran wọn sílẹ̀. Ṣáájú ọdún 1851 ni wọ́n ti kó àkọsílẹ̀ jọ láti oko dé oko. Iná jó gbogbo rẹ̀ ní Edinburgh lọ́dún yẹn. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n padà lọ bá àwọn àgbà ọlọ́sìn, wọ́n bi wọ́n ní ohun kan náà lẹ́ẹ̀kejì, ìwé àkọ́kọ́ sì jáde ní 1862. Ọdún 1879 ni wọ́n tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa tọ́jú rẹ̀. Ìwé ti dé ṣáájú ẹgbẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹgbẹ́ la máa ń kọ́kọ́ dá, a yan alága àti akápò, a rán aṣọ, ìwé á sì dúró di ìpàdé tó ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, Alford àti Tillyfour

Ọ̀nà ṣí. Ère akọ Angus ńlá kan wà ní Alford, ó dúró lórí òkúta ní ẹ̀bá ọ̀nà. A sọ̀ kalẹ̀, àbúrò mi yà mí ní fọ́tò níwájú rẹ̀, a sì kọjá sí Tillyfour.

Ibí ni William McCombie gbé. Ọmọ oníṣòwò màlúù ni, ọ̀rọ̀ ọjà ló sì mọ̀ jù: ohun tí alápatà Lọ́ńdọ̀nù ń fẹ́, ìgbà tí owó ń gorí, ìgbà tó ń wálẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ti ń kó màlúù láti Aberdeen lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Aberdeen ní 1850. Nígbà tí reluwé dé, ẹran pípa lè dé ọjà Lọ́ńdọ̀nù láìbàjẹ́. McCombie rí i pé ilẹ̀kùn ti ṣí, àwọn tó jìnnà tó báyìí lè jẹ ẹran òkè yìí bí wọ́n bá mọ orúkọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹran lọ síbi tí ojú àwọn olówó wà. Ní 1867, màlúù rẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, tí ń jẹ́ Black Prince, gba ẹ̀bùn níbi ìfihàn ẹran Birmingham àti ti Smithfield, Ọbabìnrin Victoria sì ní kí wọ́n mú un wá sí Windsor kí òun fi ojú ara òun rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ọbabìnrin fúnra rẹ̀ wá sí oko yìí. Ní 1868, wọ́n dìbò yan McCombie sí ilé aṣòfin, àgbẹ̀ tó ń gbé lórí ilẹ̀ oníhun. Ní 1878, ó kó agbo kan lọ sí ìfihàn àgbáyé ní Paris, agbo náà sì gba ẹ̀bùn gíga jù fún màlúù ẹlẹ́ran.

Ohun tó wú mi lórí ni pé ẹran tó kó káàkiri yẹn, ọmọ abo kan tó rà ní 1844 ló pọ̀ nínú wọn. Queen Mother ni wọ́n ń pe abo náà. Ìdílé Pride of Aberdeen tí gbogbo ayé ń wá nígbà tó yá, ara rẹ̀ ló ti jáde. McCombie ń polówó tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí gbòǹgbò agbo rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, Ballindalloch

A gba orí òkè wá sí àfonífojì odò Spey. Ilé olódi Ballindalloch kì í ṣí fún àlejò nígbà òtútù, a mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó wá. A dúró lẹ́bàá ọ̀nà níbi tí odi kò ga, abo dúdú bíi mélòó kan ń jẹ koríko gbígbẹ láàárín yìnyín. Kò sí agbo Angus mìíràn láyé tó pẹ́ tó èyí tó wà níbí láti 1860 láìdáwọ́ dúró.

Sir George Macpherson-Grant ló sọ ọ́ di ohun tó jẹ́. Nǹkan bí àádọ́ta ọdún ló fi ṣe é. Kò wá ẹran káàkiri. Ìwọ̀nba abo tó dára jù nínú ohun tí Watson àti McCombie ti ṣe ló rà, ó sì jókòó tì wọ́n. Ọ̀kan lára wọn ni Erica, tó rà ní 1861 níbi gbàǹjo Earl of Southesk ní Kinnaird. Títí dòní, ìdílé ìyá ni wọ́n fi ń ka Angus. Wọ́n á ní Erica lèyí, Jilt nìyẹn, Pride nìyí. Baba ń yí padà, orúkọ ìyá dúró. Ọkùnrin kan tó ń kọjá pẹ̀lú ajá rẹ̀ rí wa, ó dúró bá wa sọ̀rọ̀, ó sì sọ fún mi pé nígbà tí òun ń sin ẹran, akọ lòun máa ń rà, abo lòun kì í tà. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an ló sọ.

Ìṣòro wà nínú kí ènìyàn jókòó ti ìdílé díẹ̀, n kò ní fi pamọ́. Bí a bá ń padà so ọmọ pọ̀ mọ́ ẹbí rẹ̀, àìdára tó fara pamọ́ lára méjèèjì á pàdé. Ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1940 sí 1950, àràrá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú agbo Angus àti Hereford. Ní 2008, ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ọmọ ń kú nínú ìyá, ẹ̀yìn wọn wọ́, ẹsẹ̀ wọn le gbagidi. Wọ́n ṣí ìwé ìran, wọ́n tọ àwọn ọmọ náà sẹ́yìn, gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ akọ kan tí wọ́n ti ta àtọ̀ rẹ̀ káàkiri nítorí pé àwọn iye ìjogún rẹ̀ nínú ìwé dára. Láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n ti rí àyẹ̀wò DNA tó ń fi ẹran tó gbé e hàn. Bí kò bá sí ìwé, títí dòní ni wọn ìbá máa sọ pé koríko ló fà á, tàbí ayé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Aberdeen

Ilé àbúrò mi. Ìyàwó rẹ̀ se ọbẹ̀ ata pẹ̀lú ẹran Angus tí a jọ lọ rà láàárọ̀. Alápatà náà fi ẹran ìbàdí méjì hàn mí lórí pátákó kan náà. Ọ̀kan ní ọ̀rá tín-ín-rín tó tàn kálẹ̀ nínú iṣan, èkejì pupa gbáà. Èyí tó lọ́ràá ló wọ́n jù, ó sì rọ̀ lẹ́nu bó ti yẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó àbúrò mi ní kò ní agbára nínú ọbẹ̀ bíi ti ẹran Bódìjà. Òótọ́ ni. Ẹran tí wọ́n fẹ́ yan fẹ́ẹ́rẹ́ lórí iná ni wọ́n fi igba ọdún ṣe. Ẹran tó máa se fún wákàtí méjì nínú ata, ìran mìíràn ló yẹ ẹ́.

Mo bi alápatà bóyá ògidì ni ẹran tó tà fún mi. Ó ní baba rẹ̀ ni ògidì. Bí wọ́n ṣe ń tà á nìyí ní Bìrìtìkó: bí baba bá wà nínú ìwé ìran, wọ́n lè kọ Aberdeen Angus sára ẹran, ìyá ì báà jẹ́ màlúù oníwàrà. Àwọn ilé ìtajà ńlá ń san owó lé e lórí kìlò kọ̀ọ̀kan. Nítorí èyí ni àwọn àgbẹ̀ oníwàrà fi ń wá akọ Angus: ọmọ rẹ̀ kì í tóbi jù, kì í pa abo lára nígbà ìbí, kì í níwo, owó sì wà lórí rẹ̀. Mo wá rí ohun tí ọjà Stirling jẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ra akọ níbẹ̀ kì í sin ògidì. Àwọn tó ń fi akọ gun abo ìran mìíràn ni wọ́n ń bọ́ àwọn tó ń tọ́jú ìran. Àdàlù ló ń sanwó ìwé ògidì, ìwé ògidì sì ló ń mú kí àdàlù ní iye lórí.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Ọkùnrin Scotland kan, George Grant, kó akọ mẹ́rin lọ sí Victoria ní Kansas ní 1873. Ẹnu ya àwọn ará ibẹ̀ sí màlúù tí kò níwo. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Chicago. Ní 1978, ẹgbẹ́ náà gbé ààmì ìtajà jáde fún ẹran Angus, ohun tí wọ́n sì ń kọ́kọ́ wò lára màlúù ni bóyá awọ rẹ̀ dúdú. Wọ́n ń yẹ ọ̀rá àti dídára ẹran wò lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ awọ ló ṣáájú. Kí ló tẹ̀ lé e? Simmental di dúdú, Limousin di dúdú, Gelbvieh di dúdú. Gbogbo ọlọ́sìn ló wá àwọ̀ dúdú sínú agbo rẹ̀, torí pé ibẹ̀ lówó wà. Bí a bá ta Muturu wa nípa ìrísí lásán, kúkúrú ni ohun tí a máa rí láàárín ọdún mẹ́wàá, tsetse á sì máa pa á.

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa ra akọ Muturu lọ́wọ́ yín gan-an?" Ìbéèrè gidi ni. Mo ní àwọn tó ní Bunaji lágbègbè tsetse, àwọn tó ń ná owó lórí oògùn lóṣooṣù. Mo rán an létí pé ìjọba ti sin N'Dama ní Fáṣọlá lẹ́bàá Ọ̀yọ́ nítorí àìsàn yìí kan náà, ìran tó ti òkè Fouta Djallon ní orílẹ̀-èdè Gíní wá. Wọ́n kó tẹni ẹlẹ́ni wá kí a tó kọ tiwa sílẹ̀.

Mo pe ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ agbo mi lálẹ́. "Ẹ kú ìrìn-àjò, bàbá. Abo tó ní ààmì funfun níwájú orí ti bí lọ́jọ́rú. Abo ló bí." Mo ní kó lọ ra ìwé ẹlẹ́yìn líle kan ní Ìsẹ́yìn láàárọ̀ ọ̀la, kó kọ ọjọ́ ìbí, ìyá, ìyá ìyá bó bá rántí, àti akọ tó wà nínú ọgbà ní nǹkan bí Oṣù Karùn-ún. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, akọ méjì ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn." Mo ní kó kọ àwọn méjèèjì, kó fi ààmì ìbéèrè síwájú wọn, kó fa irun ìrù ọmọ náà àti ti akọ kọ̀ọ̀kan sínú àpòòwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ títí a ó fi rí owó àyẹ̀wò, kó sì yọ akọ kan kúrò nínú ọgbà kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú.